Kiichiro Toyoda: Ọkùnrin tó dá Toyota sílẹ̀, tí kò dúró jẹ èrè rẹ̀

Èèyàn kò lè dúró sétí títì nílùú Èkó, Ìbàdàn tàbí Abẹ́òkúta fún ìṣẹ́jú márùn-ún, kí Toyota má kọjá lójú rẹ̀. Bí kì í bá ṣe Corolla tí wọ́n fi ń ṣe kábúkábú, á jẹ́ Camry tí ẹnì kan ṣẹ̀ṣẹ̀ rà ní tòkúnbọ̀, tàbí bọ́ọ̀sì Hiace tó kó èrò dẹ́nu. Àwọn awakọ̀ àti mẹkáníìkì gbà pé ọkọ̀ tí kì í tètè dá olówó rẹ̀ lágara ni. Ṣùgbọ́n agbára káká la fi máa rí ẹni tó mọ̀, nínú àwọn tó ń gùn ún, pé orúkọ ìdílé kan ni wọ́n yí padà díẹ̀ tó fi di Toyota, àti pé ọkùnrin tó dá ilé-iṣẹ́ náà sílẹ̀ fi ipò sílẹ̀ nítorí ìlérí tí kò lè mú ṣẹ, tó sì kú kí ògo iṣẹ́ rẹ̀ tó yọ. Kiichiro Toyoda ni ọkùnrin náà.

Ọjọ́ kọkànlá oṣù kẹfà ọdún 1894 ni wọ́n bí i, ní agbègbè Kosai, ìpínlẹ̀ Shizuoka, lórílẹ̀-èdè Japan. Sakichi lorúkọ bàbá rẹ̀. Ọmọ káfíńtà ni Sakichi, kò sì sí ohun tó gbà á lọ́kàn ju ẹ̀rọ ìhunṣọ lọ. Ìyá Kiichiro fi ilé ọkọ sílẹ̀ láìpẹ́ sígbà tó bí i, àwọn òbí bàbá rẹ̀ ni wọ́n sì kọ́kọ́ tọ́ ọmọ náà. Nígbà tí Sakichi fẹ́ ìyàwó mìíràn, Kiichiro lọ bá wọn gbé nílùú Nagoya, níbi tó ti dàgbà láàárín ariwo ẹ̀rọ àti ìgbọ́nsẹ̀ òwú.

Ohun tó mú kí ẹ̀rọ Sakichi yàtọ̀ sí ti àwọn ẹlòmíràn ni pé bí fọ́nrán òwú kan ṣoṣo bá já, ẹ̀rọ náà á dá ara rẹ̀ dúró, kó má baà hun aṣọ tó ní àlébù. Kiichiro lọ kẹ́kọ̀ọ́ nípa iṣẹ́ ẹ̀rọ ní yunifásítì ìjọba tó wà nílùú Tokyo, ó parí lọ́dún 1920, ó sì padà wá bá bàbá rẹ̀ ṣiṣẹ́. Ní 1924, àwọn méjèèjì àtàwọn òṣìṣẹ́ wọn gbé ẹ̀rọ ìhunṣọ tuntun kan jáde tí kò níláti dúró kí wọ́n tó fi òwú tuntun sí i. Ẹ̀rọ yìí dára débi pé ilé-iṣẹ́ Platt Brothers ti ìlú Oldham, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, níbi tí wọ́n ti ń ta ẹ̀rọ ìhunṣọ fún gbogbo ayé, fọwọ́ sí ìwé àdéhùn lóṣù kejìlá ọdún 1929 láti san ọ̀kẹ́ márùn-ún (100,000) pọ́n-ùn fún ẹ̀tọ́ láti máa ṣe é. Kiichiro fúnra rẹ̀ ló lọ síbẹ̀ lọ dúnàádúrà.

Nígbà yẹn, ọkàn Kiichiro ti kúrò lórí òwú, ó ti wà lórí mọ́tò. Ilẹ̀ ti mì tìtì nílùú Tokyo àti Yokohama lọ́jọ́ kìíní oṣù kẹsàn-án ọdún 1923, ó pa èèyàn tó lé ní ọ̀kẹ́ márùn-ún, ó sì ba ojú irin jẹ́. Ọkọ̀ Ford tí wọ́n kó wá láti Amẹ́ríkà ni ìjọba ìlú Tokyo fi ṣe bọ́ọ̀sì tí aráàlú ń wọ̀. Láti ìgbà náà ni Ford ti dá ibi ìtòpọ̀ ọkọ̀ sílẹ̀ ní Yokohama ní 1925, General Motors náà dá tirẹ̀ sílẹ̀ ní Osaka ní 1927. Ọkọ̀ àwọn òyìnbó wọ̀nyí ló gba ojú títì Japan kan. Ìtàn tí wọ́n ń sọ nílé-iṣẹ́ Toyota ni pé kí Sakichi tó kú lóṣù kẹwàá ọdún 1930, ó sọ fún ọmọ rẹ̀ pé ẹ̀rọ ìhunṣọ ni òun fi sin orílẹ̀-èdè òun, kí Kiichiro náà lọ fi mọ́tò sìn ín.

Kì í ṣe gbogbo ẹbí ló fara mọ́ ọn. Risaburo, ọkọ àbúrò Kiichiro, tí wọ́n gbà wọ ìdílé náà tó sì ń jẹ́ Toyoda, ló ń darí ilé-iṣẹ́ ẹ̀rọ ìhunṣọ, ó sì ń bẹ̀rù pé iṣẹ́ mọ́tò lè jẹ gbogbo owó tí wọ́n ti kó jọ run. Ìbẹ̀rù rẹ̀ kì í ṣe asán, nítorí àwọn olówó ńláńlá ilẹ̀ Japan pàápàá ń sá fún iṣẹ́ náà. Síbẹ̀, lóṣù kẹsàn-án ọdún 1933, wọ́n dá ẹ̀ka mọ́tò sílẹ̀ nínú ọgbà ilé-iṣẹ́ náà nílùú Kariya. Kiichiro ra ọkọ̀ Chevrolet kan, òun àtàwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ sì tú u palẹ̀, wọ́n wọn gbogbo ẹ̀yà ara rẹ̀, wọ́n yà wọ́n sórí ìwé. Iṣẹ́ irin dídà ló fẹ́rẹ̀ẹ́ pa wọ́n. Bí wọ́n bá da irin ẹ́ńjìnnì tán, tí wọ́n bá yọ ọ́, á ti ní ihò tàbí kó ti sán, wọ́n á sì dà á nù. Oṣù kẹsàn-án ọdún 1934 ni ẹ́ńjìnnì àkọ́kọ́ tó dáhùn. Lóṣù karùn-ún ọdún tó tẹ̀ lé e, wọ́n parí ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ àkọ́kọ́ tí wọ́n fi dán iṣẹ́ wọn wò, èyí tí wọ́n pè ní A1.

Ọkọ̀ akẹ́rù ni wọ́n kọ́kọ́ gbé sọ́jà, nítorí òun ni ìjọba àti àwọn ológun ń fẹ́. G1 ni wọ́n pè é, oṣù kọkànlá ọdún 1935 ni wọ́n sì fi hàn fáráyé nílùú Tokyo. Ọ̀kan nínú àwọn ọkọ̀ tí wọ́n ń wà lọ síbi àfihàn náà bàjẹ́ lójú ọ̀nà. Àwọn tó rà á kò ní ìsinmi, nítorí bí ibì kan bá dákẹ́, ibòmíràn á tún ṣẹ́. Níbí yìí ni ìwà Kiichiro ti hàn. Kò bá àwọn oníbàárà jiyàn. Ó pàṣẹ pé kí wọ́n máa tún un ṣe lọ́fẹ̀ẹ́, òun náà sì máa ń lọ síbi tí ọkọ̀ bá kú sí, á wo ohun tó bàjẹ́, á padà lọ tún àwòrán rẹ̀ yà. Owó tó sì ń ta ọkọ̀ náà kò tó èyí tó ná an láti ṣe é, nítorí ó mọ̀ pé kò sẹ́ni tó máa fi ti Amẹ́ríkà sílẹ̀ ra tòun bí kò bá dín owó.

Ní 1936, nígbà tí ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ tí wọ́n pè ní AA jáde, wọ́n ní kí aráàlú wá bá àwọn yan àmì fún ọjà wọn. Nǹkan bíi 27,000 èèyàn ló kọ̀wé wá. Èyí tó gbégbá orókè yí Toyoda padà sí Toyota. Toyoda túmọ̀ sí oko ìrẹsì tó lọ́ràá, bí orúkọ àgbẹ̀ ló sì ṣe rí. Toyota dùn ún pè, ìlà mẹ́jọ péré ni wọ́n fi ń kọ ọ́ lọ́nà ìkọ̀wé Japan, mẹ́jọ sì jẹ́ nọ́ńbà oríire lọ́dọ̀ wọn. Lọ́jọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n oṣù kẹjọ ọdún 1937, ilé-iṣẹ́ Toyota Motor dá dúró. Risaburo ni ààrẹ rẹ̀, Kiichiro sì jẹ́ igbákejì, títí tó fi di ààrẹ ní 1941.

Lóṣù kọkànlá ọdún 1938, wọ́n ṣí ilé-iṣẹ́ ńlá nílùú Koromo. Ibẹ̀ ni Kiichiro ti gbìyànjú èrò kan tó di gbajúmọ̀ káàkiri ayé lẹ́yìn náà. Ó ní kí ẹ̀yà ọkọ̀ kankan má ṣe tètè dé, kó má sì pẹ́ dé, kí wọ́n má kó ọjà jọ sínú ilé ìkẹ́rù lásán, kí gbogbo nǹkan máa dé ọwọ́ òṣìṣẹ́ ní àkókò tó nílò rẹ̀ gẹ́lẹ́. Ogun kò jẹ́ kí èrò náà fẹsẹ̀ múlẹ̀. Ọkọ̀ akẹ́rù fún àwọn ológun ni wọ́n ń fipá mú wọn ṣe. Lọ́jọ́ kẹrìnlá oṣù kẹjọ ọdún 1945, ọkọ̀ òfuurufú Amẹ́ríkà ju bọ́ǹbù sí ilé-iṣẹ́ Koromo, ó sì ba nǹkan bí ìdá mẹ́rin rẹ̀ jẹ́. Ọjọ́ kejì ni ọba ilẹ̀ Japan kéde pé àwọn ti túúbá.

Lẹ́yìn ogun, ìyà jẹ gbogbo ilẹ̀ náà. Ní 1949, ìjọba fún owó ìná mọ́ra kí ọ̀wọ́n gógó lè rọlẹ̀, ọjà sì kú. Àwọn tó ra ọkọ̀ Toyota láwìn kò rí owó san, ilé-iṣẹ́ náà kò sì rí owó-oṣù san lásìkò. Báyìí ni ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ àti Kiichiro jókòó lóṣù kejìlá ọdún náà, tí wọ́n fọwọ́ sí ìwé. Àwọn òṣìṣẹ́ gbà kí wọ́n gé ìdá kan nínú mẹ́wàá owó-oṣù wọn, Kiichiro sì gbà pé òun kò ní í lé ẹnikẹ́ni níṣẹ́. Ọjọ́ pẹ́ tó ti ń sọ ọ́ pé ọ̀gá tó bá lé òṣìṣẹ́ kò yẹ lẹ́ni tó ń darí ilé-iṣẹ́.

Àwọn àgbà ní ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Àwọn báǹkì tó kó owó jọ láti gba Toyota sílẹ̀ ní kí wọ́n ya ẹ̀ka tó ń ta ọkọ̀ sọ́tọ̀, kí wọ́n sì dín òṣìṣẹ́ kù. Lóṣù kẹrin ọdún 1950, ilé-iṣẹ́ náà kéde pé àwọn ń wá 1,600 èèyàn tó máa fínnúfíndọ̀ lọ. Ìyanṣẹ́lódì bẹ́ sílẹ̀. Ó lé ní oṣù kan tí wọ́n fi ń pariwo nínú ọgbà náà. Kiichiro, tí ẹ̀jẹ̀ ríru ti ń bá fínra, rí i pé bí òun kò bá lé àwọn kan, gbogbo wọn ló máa pàdánù iṣẹ́. Bí òun bá sì lé wọn, òun ti di opurọ́. Ó yàn láti lọ pẹ̀lú wọn. Lọ́jọ́ karùn-ún oṣù kẹfà ọdún 1950, ó kọ̀wé fipò sílẹ̀. Àwọn òṣìṣẹ́ tó ń bínú sí i kò retí irú rẹ̀. Láàárín ọjọ́ mélòó kan, ìjà parí, àwọn tó lé ní 2,000 sì gba ilé wọn lọ.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ tẹ̀ lé e ló ń dun àwọn tó mọ ìtàn náà. Ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n oṣù kan náà ni ogun Korea bẹ̀rẹ̀. Lóṣù keje, àwọn ológun Amẹ́ríkà ní kí Toyota ṣe ẹgbẹ̀rún kan ọkọ̀ akẹ́rù fún àwọn, wọ́n sì tún béèrè sí i. Gbèsè tó lé Kiichiro lọ kò pẹ́ tó fi yọ́ bí omi òjò. Taizo Ishida, tó gba ipò lọ́wọ́ rẹ̀, kò gbàgbé ẹni tó ni iṣẹ́. Níbẹ̀rẹ̀ ọdún 1952, ó bẹ Kiichiro pé kó padà wá jókòó sórí àga rẹ̀, Kiichiro sì gbà. Ọlọ́jọ́ kò jẹ́. Lọ́jọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n oṣù kẹta, iṣan ẹ̀jẹ̀ bẹ́ lọ́pọlọ rẹ̀, ó sì jáde láyé lẹ́ni ọdún mẹ́tàdínlọ́gọ́ta (57). Kò tíì rí ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ tó wù ú kí Toyota ṣe.

Ọkọ̀ náà dé lóṣù kìíní ọdún 1955. Crown ni wọ́n pè é. Nígbà tí wọ́n kó o lọ sí Amẹ́ríkà ní 1957, kò lè sáré gbé àwọn òpópónà wọn, ojú sì ti wọ́n. Wọ́n ṣe bí Kiichiro ti ṣe fún G1: wọ́n wo ohun tó bàjẹ́, wọ́n padà lọ tún un ṣe. Eiji, ọmọ àbúrò bàbá rẹ̀, àti Taiichi Ohno, ẹni tó bẹ̀rẹ̀ níbi iṣẹ́ òwú ìdílé náà, mú èrò àkókò gẹ́lẹ́ tí ogun dá dúró, wọ́n pa á pọ̀ mọ́ ẹ̀rọ Sakichi tó ń dá ara rẹ̀ dúró bí òwú bá já, wọ́n sì fún òṣìṣẹ́ kọ̀ọ̀kan lágbára láti dá iṣẹ́ dúró bó bá rí àlébù. Ibẹ̀ ni orúkọ rere Toyota ti wá. Corolla jáde ní 1966. Ní 2008, Toyota ta ọkọ̀ ju General Motors lọ, èyí tó ti wà nípò kìíní fún ohun tó lé ní àádọ́rin ọdún.

Orúkọ náà tún rí àdánwò. Láàárín 2009 sí 2010, Toyota ní láti pe mílíọ̀nù lọ́nà ọkọ̀ padà nítorí pẹ́dàlì ìtẹná àti kápẹ́ẹ̀tì tó lè há a mọ́lẹ̀. Akio, ọmọ ọmọ Kiichiro, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ di ààrẹ ilé-iṣẹ́ náà, lọ dúró níwájú àwọn aṣòfin Amẹ́ríkà lóṣù kejì ọdún 2010, ó tọrọ àforíjì, ó sì rán wọn létí pé orúkọ ìdílé òun ló wà lára gbogbo ọkọ̀ náà.

Ìlú Koromo kò jẹ́ Koromo mọ́. Láti 1959 ni wọ́n ti yí orúkọ rẹ̀ padà sí Toyota. Orúkọ rere sàn ju wúrà àti fàdákà lọ, ṣùgbọ́n ẹni tó fi ipò àti ìlera rẹ̀ ra èyí kò dúró gbọ́ ọ nígbà tí ayé ń pè é.