Ìtàn Clara Schumann, Atẹpíánò Ará Jámánì

Ẹnikẹ́ni tí ó bá ti kọ́ píánò dé ìwọ̀n kan kò ní ṣàì ti bá orúkọ Schumann pàdé lókè ìwé orin. Orúkọ ọkọ ni a máa ń rí níbẹ̀. Ti aya ni a fẹ́ sọ níhìn-ín, nítorí nígbà tí àwọn méjèèjì wà láàyè, aya ni àwọn ènìyàn mọ̀ jù.

Ní ìlú Leipzig, ní ilẹ̀ Jámánì, ni a bí Clara Wieck ní ọjọ́ 13 oṣù kẹsàn-án, ọdún 1819. Olùkọ́ píánò ni Friedrich, bàbá rẹ̀. Akọrin àti atẹpíánò sì ni Marianne, ìyá rẹ̀. Ìgbéyàwó wọn tú ká nígbà tí ọmọ náà kéré, ọ̀dọ̀ bàbá ni ó sì dàgbà sí, nítorí bẹ́ẹ̀ ni òfin ilẹ̀ wọn là á sílẹ̀. Ó ti lé ní ọmọ ọdún mẹ́rin kí ó tó bẹ̀rẹ̀ sí sọ̀rọ̀, débi pé àwọn ará ilé rò pé adití ni.

Wieck ti pinnu pé ọmọ òun yóò di atẹpíánò tí gbogbo ayé yóò mọ̀. Ojoojúmọ́ ni ó ń kọ́ ọ, ojoojúmọ́ ni ọmọ náà sì ń jókòó ti píánò fún wákàtí púpọ̀. Bàbá yìí tilẹ̀ ń kọ ìwé ìrántí ojoojúmọ́ fún un, ó ń kọ ọ́ bí ẹni pé ọmọ náà ni ó ń sọ̀rọ̀! A kò lè yìn ín fún èyí; ṣùgbọ́n a kò lè sẹ́ pé ó mọ iṣẹ́ rẹ̀. Ní ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, ní 1828, Clara tẹ píánò níwájú ọ̀pọ̀ ènìyàn nínú gbọ̀ngàn Gewandhaus ní Leipzig. Ní 1835 ó tẹ orin ńlá tí òun fúnra rẹ̀ kọ fún píánò àti ẹgbẹ́ olórin, Mendelssohn ni ó sì darí wọn. Ní 1838, nígbà tí kò ju ọmọ ọdún méjìdínlógún lọ, ààfin Ọba Ńlá ilẹ̀ Austria fi í jẹ oyè nítorí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀.

Ní 1830 ni ọ̀dọ́mọkùnrin kan, Robert Schumann, ti wá gbé ilé Wieck láti kọ́ píánò. Ìka ọwọ́ rẹ̀ bàjẹ́, ó sì fi títẹ̀ sílẹ̀, ó gbájú mọ́ kíkọ orin. Nígbà tí ó tọrọ Clara fún aya ní 1837, bàbá fárígá. Ọ̀rọ̀ náà di ti ilé ẹjọ́, adájọ́ sì dá àwọn olólùfẹ́ náà láre. Ní ọjọ́ 12 oṣù kẹsàn-án, 1840, a so wọ́n pọ̀ nínú ìjọ Schönefeld, nígbà tí ó ku ọjọ́ kan kí ìyàwó pé ọmọ ọdún mọ́kànlélógún.

Láti 1841 títí dé 1854, ọmọ mẹ́jọ ni Ìyáàfin Schumann bí, ọ̀kan sì kú ní kékeré. Bí ọkọ bá ń kọ orin, aya kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan píánò, nítorí ariwo rẹ̀ yóò dí i lọ́wọ́. Síbẹ̀ ó rin ìrìn-àjò dé Rọ́ṣíà ní 1844, ọkọ rẹ̀ sì bá a lọ, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé kò dùn mọ́ ọn pé ọkọ Clara ni àwọn ènìyàn ń pè é.

Ní oṣù karùn-ún, 1849, ọ̀tẹ̀ bẹ́ sílẹ̀ ní Dresden níbi tí wọ́n ń gbé, a sì ń wá àwọn ọkùnrin láti gbé ìbọn. Ó mú ọkọ rẹ̀ àti Marie, àkọ́bí wọn, sá lọ sí ìgbèríko. Àwọn ọmọ mẹ́ta kù sílé lọ́dọ̀ ìránṣẹ́bìnrin. Lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀ ó padà, ní òru, pẹ̀lú oyún oṣù méje nínú, ó gba àárín àwọn tí ó di ìhámọ́ra kọjá, ó sì kó àwọn ọmọ rẹ̀ jáde.

Èyí tí ó le ju èyí lọ ń bọ̀. Ní ọjọ́ 27 oṣù kejì, 1854, ní Düsseldorf, Robert, tí orí rẹ̀ ti dàrú, bẹ́ sínú odò Rhine. Wọ́n fà á yọ, wọ́n sì mú un lọ sí ilé ìtọ́jú ní Endenich, lẹ́bàá Bonn. Aya rẹ̀ lóyún nígbà náà. Àwọn oníṣègùn kò jẹ́ kí ó fojú kan ọkọ rẹ̀ fún ọdún méjì ó lé. Àwọn ọ̀rẹ́ fẹ́ fi owó ràn án lọ́wọ́, ó kọ̀. Ó fẹ́ fi ọwọ́ ara rẹ̀ bọ́ àwọn ọmọ rẹ̀. Kí ọdún náà tó parí, ó ti tún mú ọ̀nà àjò pọ̀n. Brahms, ọ̀dọ́ olórin tí ó ti di ọ̀rẹ́ wọn, ni ó ń bá a bójú tó ilé. Ní ọjọ́ 27 oṣù keje, 1856, a jẹ́ kí ó wọlé tọ Robert. Ní ọjọ́ 29 oṣù náà, ọkọ rẹ̀ kú. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógójì ni opó náà, pẹ̀lú ọmọ méje.

Ogójì ọdún ni ó fi wà ní opó, aṣọ dúdú ni ó sì máa ń wọ̀ jáde síwájú àwọn ènìyàn. Ó lọ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì léraléra. Ó máa ń tẹ orin láìwo ìwé, èyí tí ó ṣọ̀wọ́n nígbà tí ó bẹ̀rẹ̀, orin ọkọ rẹ̀ sì ni ó gbé ga jù. Ó dun ni pé orin tirẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ dákẹ́ láti ìgbà náà. Àwọn ọmọ fọ́n káàkiri sọ́dọ̀ àwọn alágbàtọ́ àti ilé ẹ̀kọ́, àwọn kan sì lè bá a wí nítorí rẹ̀. Ṣùgbọ́n ta ni ìbá san owó oúnjẹ wọn? Julie kú ní 1872, Felix ní 1879, Ferdinand ní 1891; orí Ludwig dàrú bí ti bàbá rẹ̀. Ìyá àgbà yìí tún gbọ́ bùkátà àwọn ọmọ Ferdinand.

Láti 1878 ó ń kọ́ni ní ilé ẹ̀kọ́ orin Hoch ní Frankfurt, Marie àti Eugenie, ọmọ rẹ̀, sì ń ràn án lọ́wọ́. Ní oṣù kẹta, 1891, ó tẹ píánò níwájú àwùjọ fún ìgbà ìkẹyìn; apá ń ro ó, etí rẹ̀ kò sì gbọ́ dáradára mọ́. Ó sùn ní ọjọ́ 20 oṣù karùn-ún, 1896, a sì sin ín sí ẹ̀gbẹ́ ọkọ rẹ̀ ní Bonn. Kí ó tó kú, ó ní kí ọmọ-ọmọ rẹ̀, tí òun náà ń jẹ́ Ferdinand, jókòó ti píánò kí ó tẹ orin fún òun. Orin Robert ni ó sì tẹ̀.