Tinúbú àti àwọn tó ń ra ọjà rẹ̀

Bí wọ́n bá dárúkọ Ẹfúnróyè Tinúbú ní kíláàsì, ohun tó máa ń kọ́kọ́ wá sí wa lẹ́nu ni pé akọni obìnrin ni, pé ó kojú Òyìnbó, pé ó jẹ Ìyálóde Ẹ̀gbá. Kò sí irọ́ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n oníṣòwò ni kí ó tó di gbogbo ìyẹn, mo sì rò pé a kò lè mọ̀ ọ́n dáadáa láìmọ ohun tí àwọn ará òkè òkun ń fẹ́ rà nígbà ayé rẹ̀.

Ilẹ̀ Ẹ̀gbá ni wọ́n ti bí i, ní nǹkan bí ọdún 1810. Adélé, ọba Èkó tí wọ́n lé kúrò lórí oyè, fẹ́ ẹ, ó sì bá a lọ sí Àgbádárìgì. Ibẹ̀ ni ó ti di olówó. Ó ń ta iyọ̀ àti tábà, ó sì ń ta ènìyàn. Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ti fòfin de òwò ẹrú láti ọdún 1807, àmọ́ oko ìrèké Kúbà àti oko kọfí Bràsíl ṣì ń wá òṣìṣẹ́, tábà Bàhíà sì wà lára ohun tí wọ́n fi ń ra ẹrú ní etíkun wa. Nítorí náà, tábà tí Tinúbú ń tà àti ẹrú tí ó ń tà, òwò kan náà ni. Ogun tó ń jà káàkiri ilẹ̀ Yorùbá nígbà náà ló ń pèsè ọjà. Mo mọ̀ pé kò dùn ún gbọ́, pàápàá fún àwa tí a máa ń fi orúkọ rẹ̀ yangàn, ṣùgbọ́n bẹ́ẹ̀ ló rí.

Láàárín àkókò yìí, nǹkan ti ń yí padà ní Ìlú Ọba. Ilé iṣẹ́ ń pọ̀ sí i, ẹ̀rọ sì ń fẹ́ ọ̀rá tí wọn yóò máa fi pa irin lára kí ó má baà há. Àwọn tó ń rọ́ wọ ìlú ńlá ń ra ọṣẹ àti àbẹ́là ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Epo pupa wa wúlò fún gbogbo rẹ̀, Liverpool sì di ibi tí àgbá epo ń lọ. Ní ọdún 1850, Bràsíl náà ṣòfin tó ti èbúté rẹ̀ mọ́ ọkọ̀ ẹrú. Tinúbú gbájú mọ́ epo.

A máa ń kà á pé epo rọ́pò ẹrú, bí ẹni pé bí ọ̀kan ti wọlé ni èkejì jáde. Ẹni tó bá ti bá ìyá rẹ̀ ṣe epo rí mọ̀ pé iṣẹ́ ńlá ni. Ẹnìkan yóò gun ọ̀pẹ. Wọn yóò ṣa ẹyìn, wọn yóò sè é, wọn yóò gún un, wọn yóò pọn omi sí i, wọn yóò yọ epo rẹ̀, wọn yóò tún un sè. Lẹ́yìn náà ni wọn yóò rù ú dé odò Ògùn, kí ọkọ̀ ojú omi tó gbé e dé ọ̀sà. Orí ènìyàn ló ń rù ú. Ọ̀pọ̀ ẹrú tí wọn ì bá tà sí Bàhíà ni wọ́n wá dá dúró sílé láti ru epo àti láti tukọ̀, Tinúbú sì ní púpọ̀ irú wọn.

Nígbà tí Kòsọ́kọ́ gba oyè mọ́ Akítóyè lọ́wọ́ ní 1845, Akítóyè ni Tinúbú tì lẹ́yìn. Ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì yìnbọn lu Èkó ní oṣù Kejìlá ọdún 1851, Akítóyè padà sórí oyè, ó sì buwọ́ lu ìwé pé òwò ẹrú ti parí. Òwò Tinúbú gbòòrò ní Èkó. Àwọn Òyìnbó ń kó ọjà fún un láwìn kí epo tó dé, wọ́n sì tún ń fẹ̀sùn kàn án pé ó ń ta ẹrú ní kọ̀rọ̀. Nígbà tí Dòsùnmú jọba ní 1853, agbára rẹ̀ láàfin kò kéré.

Ohun tó dá ìjà sílẹ̀ gan-an, lójú tèmi, ni ipò alágbàtà. Tinúbú fẹ́ kí epo máa ti ọwọ́ òun kọjá. Àwọn Sàró, àwọn tó ti Bràsíl dé àti àwọn Òyìnbó fẹ́ máa rà á fúnra wọn, Benjamin Campbell, aṣojú ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, kò sì fẹ́ràn obìnrin yìí rárá. Gbèsè tí wọ́n ní ó jẹ tún bu epo sí iná náà. Ní 1856 wọ́n lé e kúrò ní Èkó.

Ó bẹ̀rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i ní Abẹ́òkúta, ó ń ta epo, ó ń ta ìbọn àti ẹ̀tù. Nígbà tí Dàhòmì gbógun wá ní 1864, ó pèsè ohun ìjà fún àwọn ọmọ ogun Ẹ̀gbá, wọ́n sì fi jẹ Ìyálóde.

Ọjà òkè òkun kò dúró dè é. Láti 1859 ni wọ́n ti ń wa epo jáde nínú ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ó sì di ohun tí wọ́n ń fi pa ẹ̀rọ lára. Iye tí wọ́n ń ra epo pupa wá sílẹ̀ gan-an nígbà tó yá. Èkùrọ́, tí a ń fi ṣe àdín tàbí tí a ń dà nù, ni àwọn oníṣòwò Jámánì wá ń kó lọ sí Hamburg, wọ́n ń fún òróró inú rẹ̀, wọ́n sì ń fi èérí rẹ̀ bọ́ màlúù. Ọdún 1887 ni Tinúbú kú ní Abẹ́òkúta. Nígbà náà, obìnrin tí kò ní ẹrú kankan lè jókòó sí ẹ̀yìnkùlé, kí ó fi òkúta pa èkùrọ́ rẹ̀, kí ó sì gbé e lọ tà fún òkè òkun.