Gbígbójú nìkan kọ́ ló ń sọ èèyàn di jagunjagun: ẹ̀kọ́ ara Ògèdèǹgbé

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, àbúrò mi kan tó fẹ́ẹ́ wọṣẹ́ sọ́jà gbé fọ́ọ̀mù wá bá mi. Ó ní kí n ṣe onídùúró òun, ṣebí lọ́yà ni mí. Kò tíì jókòó dáadáa tó fi bẹ̀rẹ̀ sí í ròyìn ara ẹ̀: òun lè sáré láti àárọ̀ dalẹ́, ẹ̀rù kì í ba òun, kò sì sẹ́ni tó lè na òun ládùúgbò. Mo ní ṣé ó mọ ìtàn Ògèdèǹgbé Agbógungbórò? Ó ní orúkọ ẹ̀ nìkan lòun mọ̀. Ohun tí mo sọ fún un náà ni mo fẹ́ẹ́ sọ fún yín.

Nígbà tí Ògèdèǹgbé wà lọ́dọ̀ọ́, Ìbàdàn ló ń jẹ gàba lórí Ìjẹ̀ṣà àti Èkìtì. Àwọn ọmọ ogun Ìbàdàn mú un lójú ìjà, wọ́n sì kọ ilà tiwọn sí i lójú. Ìtìjú yẹn ìbá ti fọ́ ẹlòmíì pátápátá. Àmọ́ ní tiẹ̀, àárín àwọn tó mú un ló ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń jagun. Àkọ́kọ́ rèé: jagunjagun gbọ́dọ̀ lè gba ẹ̀kọ́, kódà lọ́wọ́ ọ̀tá.

Lọ́dún 1870, Iléṣà ṣubú sọ́wọ́ Ìbàdàn. Ògèdèǹgbé tó ń gbèjà ìlú ní láti kúrò níbẹ̀, ó gba apá ìlà oòrùn lọ, ó sì ń kó ọmọ ogun jọ. Àgbò tó fẹ̀yìn rìn, agbára ló lọ mú wá. Nígbà tí Fábùnmi Òkè-Ìmẹ̀sí dìde sí Ìbàdàn lọ́dún 1878, Ògèdèǹgbé kò sáré dá sí i. Ìgbà tó yá ló wá, òun ni wọ́n sì fi ṣe olórí ogun Èkìtìparapọ̀.

Ẹ wo irú iṣẹ́ tí wọ́n gbé lé e lọ́wọ́ o! Ìlú lóríṣiríṣi ni, kálukú pẹ̀lú ọba tiẹ̀ àti balógun tiẹ̀. Lóòótọ́, àwọn ọmọ wa tó wà l'Ékòó fi ìbọn ìgbàlódé ránṣẹ́, ṣùgbọ́n ìbọn ò lè mú kí Ìjẹ̀ṣà àti Èkìtì máa gbọ́ra wọn yé. Èèyàn ló ń ṣe ìyẹn. Wọ́n fọwọ́ sí ìwé àlàáfíà ní September 23, 1886, síbẹ̀ ó di 1893 kí ibùdó ogun méjèèjì tó tú ká. Ọdún bíi méje ni wọ́n fi wà lójúfò sí ara wọn, tí kò sẹ́ni tó lè sọ pé ogun ti parí tán. Ìgboyà ò ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Sùúrù ni.

Mi ò ní bo apá kejì mọ́lẹ̀. Nígbà tí ogun tán, àwọn ọmọ ogun ẹ̀ ò níṣẹ́ lọ́wọ́, wọ́n ń fipá gba ohun ìní àwọn ará abúlé. Lọ́dún 1894, Ọ̀gágun Bower, òyìnbó tó ń ṣojú ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, mú Ògèdèǹgbé, wọ́n sì gbé e kúrò n'Íléṣà. Gẹ́gẹ́ bí lọ́yà, mo mọ̀ pé a lè jiyàn lórí ẹ̀tọ́ tí Bower ní láti ṣe bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ti ará abúlé tí wọ́n kó ewúrẹ́ ẹ̀ lọ ńkọ́? Ọ̀gá tó lè kó ọmọ ogun lọ sójú ìjà, tí ò lè dá wọn dúró nígbà tí ìjà tán, iṣẹ́ ẹ̀ ṣì kù.

Wọ́n dá a sílẹ̀ nígbẹ̀yìn, ó padà sílé. Ìtàn Iléṣà sọ pé wọ́n fi adé Ọwá lọ̀ ọ́, ó kọ̀, oyè Ọbańlá ló gbà, òun ló sì wà nípò yẹn títí tó fi kú lọ́dún 1910. Ní ilẹ̀ wa tí sọ́jà ti gbàjọba léraléra, ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún gbólóhùn yẹn kà.

Mo fọwọ́ sí fọ́ọ̀mù àbúrò mi. Àmọ́ mo sọ fún un pé lọ́jọ́ tí mo bá gbọ́ pé ó fi aṣọ ìjọba na ọlọ́kadà tàbí ìyá aláta, èmi tí mo dúró fún un yìí ni màá kọ́kọ́ lọ fẹjọ́ ẹ̀ sùn.