Dókítà Sàpárà, ẹni tó wọ inú awo nítorí ìgbóná

Lọ́dún 1861 ni wọ́n bí Ògúntọ́lá Sàpárà ní Freetown. Ọmọ Ìjẹ̀ṣà ni bàbá rẹ̀. Ó kọ́ṣẹ́ dókítà ní Ìlú Ọba, ó sì dé Èkó lọ́dún 1896 láti wá ṣiṣẹ́ ìjọba.

Ìgbóná ń pa èèyàn nígbà náà. Àjẹsára rẹ̀ wà, ṣùgbọ́n ọ̀dọ̀ àwọn àwòrò Ṣọ̀pọ̀ná ni ọ̀pọ̀ ń sáré lọ. (Àwọn àgbà tiwa náà kì í dárúkọ òrìṣà yìí tààrà.) Sàpárà kò jókòó sí ọsibítù kó máa bú wọn. Ó wọ ẹgbẹ́ awo náà láìsọ ohun tó bá wá, ewu ńlá sì ni. Ibẹ̀ ló ti rí i pé àwọn kan ń ha èépá ara aláìsàn, wọ́n ń fi í ran ẹlòmíì, ẹrù ẹni tó bá kú á sì di tiwọn. Ó gbé ọ̀rọ̀ náà tọ ìjọba lọ, ìjọba sì fòfin de ìsìn náà.

Ní tiwa o, ohun tí a fi yìn ín jù ni pé kò kórìíra ewé àti egbò. Ó ń wádìí wọn. Òfin nìkan kò sì lé ìgbóná lọ. Abẹ́rẹ́ ló lé e. Lọ́dún 1980 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé kéde pé ó ti tán láyé, ọdún 45 lẹ́yìn ikú Sàpárà.