Thomas Edison àti Ìṣirò Iná Ìlú New York

Ní ọjọ́ 11 oṣù kejì ọdún 1847 ni a bí Thomas Alva Edison ní ìlú Milan, ní ìpínlẹ̀ Ohio ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Kò pẹ́ ní ilé-ìwé rárá. Ìyá rẹ̀ ni ó kọ́ ọ ní ìwé nílé. Láti kékeré ni etí rẹ̀ ti wúwo, ṣùgbọ́n èyí kò dí i lọ́wọ́ iṣẹ́.

Ní ọdún 1879, ní Menlo Park, òun àti àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ ṣe gílóòbù kan tí ó tàn fún ọ̀pọ̀ wákàtí. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé iṣẹ́ ti parí, ṣùgbọ́n Edison mọ̀ pé kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹni tí yóò se àsè ní láti kọ́kọ́ mọ iye àlejò rẹ̀, kí ìkòkò má baà kéré. Nítorí náà ni ó ṣe rán àwọn ènìyàn lọ sí àwọn ilé ìtajà àti ọ́fíìsì tí ó wà ní ìsàlẹ̀ Manhattan, kí wọ́n ka iye iná gáàsì ilé kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n sì bèèrè iye wákàtí tí ó fi ń jó.

Gílóòbù kan ń jẹ nǹkan bí 100 wáàtì. Bí ilé ìtajà kan bá fẹ́ 50, yóò jẹ 5,000 wáàtì. Bí ilé mẹ́wàá irú rẹ̀ bá tan tiwọn pọ̀ nírọ̀lẹ́, ó di 50,000. Bí wáyà bá tín-ín-rín jù, yóò gbóná. Bí ó bá nípọn jù, owó bàbà yóò sọ onílé-iṣẹ́ di onígbèsè. Francis Upton, onímọ̀ ìṣirò, ni ó bá Edison wá ojútùú ọ̀ràn yìí. Wọ́n rí i pé bí okun inú gílóòbù bá ń dènà mànàmáná gidigidi, ìwọ̀nba mànàmáná ni yóò máa gba inú wáyà kọjá, bàbà díẹ̀ yóò sì tó.

Ní ọjọ́ 4 oṣù kẹsàn-án ọdún 1882, a tan iná láti ilé ẹ̀rọ Pearl Street. Nǹkan bí 400 gílóòbù ni ó kọ́kọ́ tàn. Nígbà tí yóò fi di ọdún 1884, wọ́n ti ju 10,000 lọ.

Edison ní àléébù tirẹ̀. Mànàmáná rẹ̀ kò lè rìn jìnnà, síbẹ̀ ó bá àwọn tí wọ́n mú irú èyí tí ó lè rìn jìnnà wá jà, wọ́n sì borí rẹ̀. Ó kú ní ọjọ́ 18 oṣù kẹwàá ọdún 1931.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ kíyè sí i pé kí iná ìlú náà tó tàn, ìṣirò ni ó ṣáájú.