Alan Turing

Alan Mathison Turing (ọjọ́ 23 oṣù Okúdù ọdún 1912 – ọjọ́ 7 oṣù Okúdù ọdún 1954) jẹ́ onímọ̀ ìṣirò ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ó wà lára àwọn tí ó fi ìpìlẹ̀ ìmọ̀ kọ̀ǹpútà àti ọgbọ́n àtọwọ́dá lélẹ̀, ó sì wà lára àwọn tí ó kọ́kọ́ lo kọ̀ǹpútà láti ṣe ìwádìí nípa bí ẹ̀dá alààyè ṣe ń dàgbà.

Ìbẹ̀rẹ̀ ayé àti ẹ̀kọ́ rẹ̀

Ìlú Lọ́ńdọ̀nù ni wọ́n bí Turing sí. Òṣìṣẹ́ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ní Íńdíà ni bàbá rẹ̀, nítorí náà ọwọ́ àwọn alágbàtọ́ ni òun àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti lo ọ̀pọ̀ ìgbà èwe wọn. Ní ilé-ẹ̀kọ́ Sherborne, ó bá Christopher Morcom ṣọ̀rẹ́ nítorí ìfẹ́ tí àwọn méjèèjì ní sí sáyẹ́ǹsì. Àìsàn pa Morcom ní ọdún 1930, ikú yìí sì dun Turing gidigidi. Ó wọ Yunifásítì Cambridge ní ọdún 1931. Ní ọdún 1936, ó kọ ìwé kan lórí ẹ̀rọ inú èrò tí ó lè ṣe ìṣirò yòówù tí a bá lè tò ní ìgbésẹ̀-ìgbésẹ̀. Ìwé yìí kan náà fi hàn pé àwọn ìbéèrè kan wà tí ẹ̀rọ kankan kò lè dáhùn.

Iṣẹ́ rẹ̀ nígbà ogun

Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, Turing ṣiṣẹ́ ní Bletchley Park, níbi tí wọ́n ti ń tú àṣírí Enigma, ẹ̀rọ tí àwọn ará Jámánì fi ń pa ọ̀rọ̀ mọ́. Àwọn onímọ̀ ìṣirò ilẹ̀ Pólàndì ti la ọ̀nà náà ṣáájú. Ọ̀pọ̀ ọdún ni iṣẹ́ yìí fi wà ní àṣírí.

Ẹ̀rọ àti ìwádìí nípa ẹ̀dá

Ní ọdún 1948, ó lọ sí Yunifásítì Manchester. Ní ọdún 1950, ó gbé àpilẹ̀kọ kan jáde lórí bóyá ẹ̀rọ lè ronú, ó sì dábàá ìdánwò tí a ń fi orúkọ rẹ̀ pè títí di òní.

Lẹ́yìn èyí, ó yíjú sí ìbéèrè mìíràn: kí ni ó ń mú kí tótòtó hàn lára ẹkùn, tí ewé sì ń yọ létòlétò lára igi? Nínú ìwé tí ó gbé jáde ní ọdún 1952, ó ṣàlàyé pé bí èròjà kẹ́míkà méjì bá ń ṣiṣẹ́ lórí ara wọn, tí ọ̀kan sì ń tàn kálẹ̀ yára ju èkejì lọ, àwọ̀ tí ó dọ́gba lè di èyí tí ó ní àmì. Kọ̀ǹpútà Manchester ni ó fi ṣe lára ìṣirò náà. Ẹ̀rọ lè fi ohun tí yóò ti inú àbá jáde hàn, ṣùgbọ́n kò lè fìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé bẹ́ẹ̀ ni ó rí nínú ẹ̀dá. Ọdún 1990 ni àwọn onímọ̀ kẹ́míkà ní ilẹ̀ Faransé tó rí irú àmì bẹ́ẹ̀ nínú àyẹ̀wò.

Ìdájọ́ àti ikú rẹ̀

Ní ọdún 1952, Turing fi ọ̀rọ̀ olè tí ó fọ́ ilé rẹ̀ tó àwọn ọlọ́pàá létí. Inú ìwádìí náà ni wọ́n ti mọ̀ pé ó ń bá ọkùnrin lò pọ̀, èyí tí òfin ìgbà náà kà sí ìwà ọ̀daràn. Dípò ẹ̀wọ̀n, ó gbà láti lo oògùn họ́mọ̀nù. Wọ́n sì gba àṣẹ tí ó fi ń ṣiṣẹ́ àṣírí ìjọba lọ́wọ́ rẹ̀. Májèlé sáyánáìdì ni ó pa á ní ilé rẹ̀ ní Wilmslow, nígbà tí ó kù díẹ̀ kí ó pé ẹni ọdún 42. Ìwádìí ìjọba sọ pé ó pa ara rẹ̀ ni, ṣùgbọ́n àwọn kan ṣì ń jiyàn lórí rẹ̀. Ìwádìí rẹ̀ lórí ewéko kò tíì parí nígbà náà.

Ohun tí ó fi sílẹ̀

Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì tọrọ àforíjì ní ọdún 2009, wọ́n sì fi orí jì í ní ọdún 2013. Láti ọdún 1966 ni wọ́n ti ń fún àwọn onímọ̀ kọ̀ǹpútà ní Ẹ̀bùn Turing. Ní ọdún 2024, lára Ẹ̀bùn Nobel fún kẹ́míkà bọ́ sọ́wọ́ àwọn tí ó fi ọgbọ́n àtọwọ́dá sọ àsọtẹ́lẹ̀ ìrísí purotéènì. Ní Ọ̀tà, ní Ìpínlẹ̀ Ògùn, àwọn olùwádìí ní Yunifásítì Covenant ń lo kọ̀ǹpútà láti ṣe ìwádìí nípa kòkòrò tí ń fa ibà. Bí ó ti rí nígbà ayé Turing, iṣẹ́ àyẹ̀wò ni yóò sọ bóyá òótọ́ ni ohun tí ẹ̀rọ bá gbé jáde.