Roget àti Ọ̀rọ̀ Yíyà, Yíyí àti Pípadà

Ọ̀pọ̀ wa ní ẹ̀ka ẹ̀kọ́ yìí ló ti lo ìwé Roget, ṣùgbọ́n àwọn tó mọ̀ pé èèyàn ẹlẹ́ran ara kan ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ kò pọ̀. Orúkọ rẹ̀ ti di orúkọ ìwé, gẹ́gẹ́ bí a ṣe ń sọ Maggi sínú ọbẹ̀ láìrántí pé orúkọ ọkùnrin kan ni. Mo fẹ́ sọ ìtàn ayé rẹ̀ fún yín, ṣùgbọ́n ojú ọ̀nà kan ni mo máa gbà: àwọn ọ̀rọ̀-ìṣe Gẹ̀ẹ́sì tó jẹ mọ́ yíyà, yíyí àti pípadà, ìyẹn turn àti àwọn ẹbí rẹ̀. Kò sí ìdílé ọ̀rọ̀ tó bá ìtàn rẹ̀ mu jù èyí lọ.

Ìlú Lọ́ńdọ̀nù ni wọ́n ti bí Peter Mark Roget ní ọjọ́ 18, oṣù Kìíní, ọdún 1779. Ará Geneva ni bàbá rẹ̀, ó sì ń ṣe pásítọ̀ fún ìjọ àwọn tó ń sọ èdè Faransé ní Lọ́ńdọ̀nù. Bàbá yìí kú ní 1783, nígbà tí Peter jẹ́ ọmọ ọdún 4. Láti ìgbà náà ni ìyá rẹ̀, Catherine, ti ń kó òun àti àbúrò rẹ̀ obìnrin kiri láti ìlú kan dé òmíràn. Samuel Romilly, agbẹjọ́rò ńlá tó jẹ́ arákùnrin ìyá rẹ̀, ló dúró bíi bàbá fún un. Láti kékeré ni ọmọ náà ti ń to ọ̀rọ̀ sínú ìwé ní ìsọ̀rí-ìsọ̀rí. Èmi kò rò pé ó yani lẹ́nu. Ọmọ tí ilé rẹ̀ kì í dúró sójú kan yóò wá ohun tó máa dúró. Ó wọ yunifásítì Edinburgh ní ọmọ ọdún 14, ó sì gboyè dókítà ní 1798, ní ọmọ ọdún 19.

Ibi tí ìtàn náà ti dùn jù nìyí. Ní 1802, ọlọ́rọ̀ kan tó ní ilé iṣẹ́ òwú ní Manchester fi àwọn ọmọkùnrin rẹ̀ méjì sí ọwọ́ Roget kó mú wọn rin ìrìn-àjò ní ilẹ̀ Yúróòpù, kó sì máa kọ́ wọn. Wọ́n wà ní Geneva ní 1803 nígbà tí ogun tún bẹ́ sílẹ̀ láàárín Faransé àti Gẹ̀ẹ́sì. Abẹ́ Faransé ni Geneva wà nígbà náà, Napoleon sì pàṣẹ pé kí wọ́n mú gbogbo ọkùnrin Gẹ̀ẹ́sì tó ti dàgbà. Ẹni ọdún 24 ni Roget. Ó sáré wá ìwé tó fi hàn pé ọmọ Geneva ni bàbá òun, ó sì fi dá ara rẹ̀ sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ọmọ onílùú. Òun àti àwọn ọmọ náà wọ aṣọ ará oko, wọ́n ń gba abúlé dé abúlé, títí wọ́n fi kọjá sí ilẹ̀ Jámánì.

Ẹni tó bá fẹ́ mọ ìdí tí Gẹ̀ẹ́sì fi ní detour lọ́tọ̀, escape lọ́tọ̀, double back lọ́tọ̀, kó ro ìrìn-àjò yẹn dáadáa.

Ó padà sílé, ó di dókítà ní ilé ìwòsàn Manchester ní 1804. Ní 1805, ó to àkójọ ọ̀rọ̀ kan fún ìlò ara rẹ̀, nítorí ẹ̀kọ́ tó ń kọ́ àwọn èèyàn àti ìwé tó ń kọ. Kò tò ó ní A, B, D. Èrò ló fi tò ó: gbogbo ọ̀rọ̀ tó bá jẹ mọ́ èrò kan wà lójú kan. Àkójọ yìí wà lọ́wọ́ rẹ̀ fún nǹkan bí ọdún 50 kó tó di ìwé.

Ní Lọ́ńdọ̀nù, níbi tó kó lọ ní 1808, ó ṣe oríṣiríṣi nǹkan. Ó ṣe irú igi ìṣirò kan tí wọ́n fi gbà á sí ẹgbẹ́ Royal Society ní 1815, òun ló sì ṣe akọ̀wé ẹgbẹ́ náà láti 1827 sí 1848. Ìbànújẹ́ náà kò ṣaláì dé: Romilly pa ara rẹ̀ ní 1818 lẹ́yìn ikú ìyàwó rẹ̀, nígbà tí Roget ń tọ́jú rẹ̀ lọ́wọ́. Ìyàwó Roget fúnra rẹ̀ kú ní 1833.

Iṣẹ́ tó kà níwájú Royal Society ní oṣù Kejìlá 1824 ni mo fẹ́ràn jù. Ó ti ṣàkíyèsí pé tí èèyàn bá gba àárín ọgbà onírin wo ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ ẹṣin tó ń kọjá lọ, àwọn igi tó so àárín ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ náà mọ́ etí rẹ̀ á dà bí èyí tó tẹ̀ kọ́rọkọ̀rọ. Ó ṣe ìṣirò rẹ̀, ó sì ṣàlàyé pé ohun méjì ló ń ṣẹlẹ̀ pọ̀: ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ ń yí lórí ara rẹ̀, ó sì ń lọ síwájú. Ẹ wo ọ̀rọ̀-ìṣe tó wà níbẹ̀. Rotate ni kí nǹkan yí lórí ara rẹ̀. Revolve ni kó yí òmíràn ká. Roll ni kó yí kó sì máa lọ. Ẹni tó ti jókòó ṣírò irú nǹkan báyìí kò ní kó àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta dà sínú apẹ̀rẹ̀ kan.

Ọdún 1852 ni Thesaurus jáde, nígbà tí Roget jẹ́ ẹni ọdún 73. Àkòrí 1,000 ni ó pín sí ìsọ̀rí ńlá 6. Abẹ́ ìṣípòpadà ni yíyà kúrò lójú ọ̀nà, pípadà sẹ́yìn àti yíyípo wà, kálukú sì ní àkòrí tirẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó yí ohùn padà, tó fi ẹgbẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ lọ bá ọ̀tá, kò sí níbẹ̀. Ọ̀dọ̀ àwọn ọ̀rọ̀ tó jẹ mọ́ ìfẹ́-inú ènìyàn ló fi ìyẹn sí. Lójú tèmi, ọgbọ́n gidi ni. Kò sì sọ ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ kankan, nítorí pé ó gbà pé ẹni tó ṣí ìwé náà ti mọ àwọn ọ̀rọ̀ yẹn, pé àṣàyàn ló kù ú kù. Ó tún gbà pé ọ̀rọ̀ méjì tí ìtumọ̀ wọn bára mu délẹ̀délẹ̀ ṣọ̀wọ́n.

Ibẹ̀ ni wàhálà tiwa wà. Mo máa ń bá àwọn ọmọ ọdún kìíní ka iṣẹ́ wọn kí wọ́n tó fi í sílẹ̀. Ohun tí mo ń rí jù ni turn tí wọ́n pa rẹ́, tí wọ́n fi deviate tàbí veer rọ́pò rẹ̀, nítorí wọ́n rò pé turn kéré jù fún yunifásítì. Awakọ̀ dánfó tó ṣàdédé yà fún ewúrẹ́, swerve ni. Afẹ́fẹ́ tó yí ìhà tó ń fẹ́ sí padà, veer ni. Ọlọ́pàá tó dúró ní oríta tó ní kí gbogbo ọkọ̀ gba ọ̀nà ẹ̀yìn, òun ló divert wọn. Deviate ní tirẹ̀ ń wá ohun kan tí wọ́n ti là sílẹ̀ tẹ́lẹ̀, bí ìlànà tàbí ètò, tí èèyàn wá yẹ̀ kúrò lórí rẹ̀. Ẹni tó yà sọ́tùn-ún nítorí pé ilé rẹ̀ wà níbẹ̀ kò deviate rárá. Turn ló ṣe, turn náà sì tó. Yorùbá náà kò ṣe é dà pọ̀: ẹni tó yà, ẹni tó yíra padà, ẹni tó ṣẹ́rí padà àti ẹni tó pẹ̀yìn dà, ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n.

Lọ́dún 1852 yẹn kan náà, ní Lọ́ńdọ̀nù kan náà, ni ìwé gírámà àti àkójọ ọ̀rọ̀ Yorùbá tí Samuel Àjàyí Crowther ṣe jáde. Crowther to ọ̀rọ̀ rẹ̀ ní A, B, D, bó ṣe yẹ kí ẹni tó ń la ọ̀nà fún èdè ṣe é. Yí, yà, yẹ̀, kọrí sí, ṣẹ́rí, dorí kodò: ó wù mí kí ẹnìkan láàárín wa fi wọ́n ṣe àpilẹ̀kọ, kó tò wọ́n bí Roget ṣe to tirẹ̀. Ẹ̀yin tó ń wá kókó iṣẹ́ ìwádìí, ẹ gbọ́?

Roget kò yéé fi ọ̀rọ̀ kún ìwé rẹ̀ títí ó fi kú ní West Malvern ní ọjọ́ 12, oṣù Kẹsàn-án, ọdún 1869, ní ẹni ọdún 90. John Lewis Roget, ọmọ rẹ̀, gba iṣẹ́ náà, ó sì gbé ẹ̀dà tuntun jáde ní 1879. Ó mú kí atọ́ka tó wà lẹ́yìn ìwé náà gùn sí i gidigidi, torí pé ẹ̀yìn ni àwọn èèyàn ti ń wọlé, wọn kì í gba iwájú.